Lẹ́tà sí Bísí lórí àìsàn Bàbá

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

O kú ìtọ́jú Bàbá o, o sì kú àìsùn. Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo tún un kà. Ìbínú inú rẹ̀ kò yà mí lẹ́nu, torí gbogbo ohun tí o ní wọ́n ṣe nílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá ló jọ àìbìkítà lójú ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ wa. O ń sunkún, wọ́n ń béèrè àkókò lọ́wọ́ rẹ. Òùngbẹ ń gbẹ Bàbá, wọn ò fún wọn lómi. Ìfúnpá wọn ga, àwọn dókítà ń wò ó níran. Aspirin kan ṣoṣo, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn àyẹ̀wò. Bísí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwa náà ń ṣe ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, àwọn ẹbí sì máa ń bínú sí wa bí o ṣe bínú yẹn.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí aspirin. Ọ̀nà méjì ni rọpárọsẹ̀ máa ń gbà wọlé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ̀jẹ̀ dídì lọ dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Èkejì ni kí iṣan bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà sínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Bákan náà ni méjèèjì rí lójú: ẹnu á wọ́, apá á kú, ahọ́n á wúwo. Kò sí dókítà, bó ti wù kó gbówọ́ tó, tó lè fi ojú lásán ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Aspirin tó dára fún ẹni àkọ́kọ́ lè ṣe ẹnì kejì ní jàǹbá, torí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà tètè dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ gbé Bàbá lọ sínú ẹ̀rọ CT, èyí tó ń ya àwòrán inú orí, kí wọ́n lè mọ irú èyí tó jẹ́. Kí ẹ̀rọ yẹn tó dé (1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn), àfojúbù ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìka Bàbá tí wọ́n gún, ṣúgà ni wọ́n ń wò, nítorí ṣúgà tó bá lọ sílẹ̀ jù lè fara jọ rọpárọsẹ̀ pátápátá. Wárápá àti ẹ̀fọ́rí túúlu náà máa ń ṣe irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló dùn ọ́ jù, mo mọ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Ìwádìí tó jáde ní 1995 fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ bí aláìsàn bá rí i gbà láàárín wákàtí 3. Ní 2008, òmíràn fi hàn pé a lè sún un dé wákàtí 4 àti ààbọ̀. Ó tó ìgbà kan, ewu kí ọpọlọ máa ṣẹ̀jẹ̀ á ju àǹfààní abẹ́rẹ́ náà lọ. Ẹni tí àìsàn yìí bá bá lójú oorun wá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé, nítorí náà a kì í kà á láti ìgbà tó lajú. Ìgbà tí ẹnìkan rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá la ti ń kà á. Fún Bàbá, aago 10 alẹ́ ni. Aago 7 àárọ̀ lẹ dé ilé ìwòsàn, wákàtí 9 ti kọjá. Wọn ò fi abẹ́rẹ́ náà du Bàbá. Ìdí tí nọ́ọ̀sì yẹn fi ń tún ìbéèrè kan náà bi ọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní gbèjà ohùn tó fi bi ọ́.

Níbi tí irinṣẹ́ bá pọ̀, wọ́n lè fi ẹ̀rọ MRI, tí òun náà ń ya àwòrán inú ọpọlọ, wá àwọn tó jí pẹ̀lú rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ṣì lè wúlò fún, tàbí kí wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan ní abẹ́nú itan, kí wọ́n fà á dé ọpọlọ, kí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde. Fún àwọn kan, èyí ṣì ṣeé ṣe títí di wákàtí 24. Ṣùgbọ́n iṣan ńlá ni wọ́n máa ń ṣe é fún, o sì kọ ọ́ pé ẹ̀ka tó kéré ni ti Bàbá.

Ní ti ìfúnpá, ìwọ nìkan kọ́ ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí ohun tó ń fa irú méjèèjì. Àmọ́ lọ́jọ́ tí iṣan bá dí, apá kan nínú ọpọlọ ti kú, apá kan sì wà létí rẹ̀ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ gbé ẹ̀mí ró. Bí ẹni tó ń gbé òkè pátápátá ilé alájà tí omi ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára nínú páìpù ni: ẹ dín agbára omi náà kù, òun lẹ ó kọ́kọ́ fi òùngbẹ pa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà kì í fi fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àyàfi tó bá kọjá 220 lórí 120, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ fún ni ní abẹ́rẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó yàtọ̀ báyìí o. Oògùn ìfúnpá tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fò lọ́jọ́ kan, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé ara Bàbá yá gágá.

Omi: ọ̀nà ọ̀fun Bàbá lè ti rọ. Ohun tó bá gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè di òtútù àyà, òtútù àyà sì ń pa ọ̀pọ̀ tí rọpárọsẹ̀ ò pa.

Èyí tí mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí ni gbólóhùn kan nínú lẹ́tà rẹ, pé "orí Bàbá ti dàrú". Orí wọn ò dàrú. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn, apá òsì ọpọlọ ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ sísọ, òun náà ló sì ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdí tí ọwọ́ ọ̀tún Bàbá àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn fi jọ lọ nìyẹn. Ní 1861, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ dókítà Paul Broca ní Paris, tó jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, "tan" nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Nígbà tó kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì bá ọgbẹ́ níwájú apá òsì. "Lọ́la, lọ́la" tí Bàbá ń tẹnu mọ́, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, wọn ò rí ọ̀nà gbé e jáde ni. Má ṣe pariwo mọ́ wọn bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n lè fi orí dáhùn. Jẹ́ kí gbólóhùn rẹ kúrú, kí o sì dúró, àní kí o dúró ju bí sùúrù rẹ ṣe mọ lọ, torí mo mọ̀ ọ́. Tún dá orin tí wọ́n mọ̀ dáadáa, kí o wò ó bóyá wọ́n á gbè é. Ọ̀pọ̀ tí kò lè béèrè omi ló ń kọ orin láìṣìnà, inú wọn sì máa ń dùn débi pé wọ́n á sunkún.

Ẹkún mìíràn wà tí kì í ṣe ti ayọ̀ o. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá bí ẹnì kan nínú mẹ́ta lẹ́yìn àìsàn yìí. Tí Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré ìdárayá tí àwọn físíò ń bá wọn ṣe, má pè é ní agídí, sọ ọ́ fún dókítà.

O ò sọ fún mi bóyá wọ́n yẹ bí ọkàn Bàbá ṣe ń lù wò, ìyẹn ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ọkàn tí kò lù déédéé lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dúró sójú kan, kó dì, kó já lọ sí ọpọlọ. Ó sì lè máa wá, kó máa lọ, tí àyẹ̀wò ìṣẹ́jú díẹ̀ ò fi ní bá a. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ àyà fún odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n sábà máa ń lò, kì í ṣe aspirin. Bi wọ́n pẹ̀lú bóyá wọ́n ti ya àwòrán iṣan ọrùn. Tí ẹnu Bàbá bá sì tún wọ́ lójijì, tàbí tí ọwọ́ kan tún rọ, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 péré kó tó padà bọ̀ sípò, ẹ má sọ pé ó ti lọ. Ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Tí èsì àyẹ̀wò ọkàn bá dé, ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Jọ̀ọ́, má ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Bá mi kí Bàbá, kí o sì jókòó tì wọ́n kí wọ́n lè dáhùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlá