Lẹ́tà sí Bọ̀dá Àjàní: ìpè tí mo gbà lórúkọ yín

Bọ̀dá mi,

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì kan tẹ́ ìwé àdéhùn ìdánwò oògùn síwájú mi nílé ìwòsàn ní Ìlọrin. Ojú ewé mẹ́rìnlá. Ó ní kí n má kánjú, ó sì kà á fún mi ní Yorùbá láti òkè dé ilẹ̀, ó ń dúró bi mí bóyá ó yé mi. Ìgbà tó dé ibi tí wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù sí, omi bọ́ lójú mi. Ó ṣe bí abẹ́rẹ́ ni mò ń bẹ̀rù.

Ẹ rántí Nokia tó máa ń wà lórí fíríìjì nílé wa l'Ọ́fà. Ìparí 2011 ni, ọyẹ́ ti mú. Ẹ ti dá lọ bá àwọn tó ń ṣe ìdánwò oògùn ní Ìlọrin, ẹ ò sọ fún ẹnì kankan nílé àfi èmi. Ẹ ní oògùn tuntun kan wà tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára àwa oní-SS, àwa tí wọ́n bí àrùn ẹ̀jẹ̀ mọ́, àti pé ẹ ti kọ orúkọ sílẹ̀. Nọ́ńbà ilé lẹ fún wọn. Lọ́jọ́ tí obìnrin kan pè láti ọ̀dọ̀ wọn, ìrora ti gbé yín dè láti òru. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi táwẹ́ẹ̀lì we ike omi gbígbóná sí yín lẹ́yìn ni, Bàbá wà lẹ́yìnkùlé nídìí ìkòkò àgbo. Èmi ni mo gbé fóònù náà. Ó ní kí n sọ fún yín pé wọ́n ti mú yín wọ ìdánwò náà, kí ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo gbé fóònù padà sórí fíríìjì.

Mi ò sọ fún yín.

Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ Kánò fún wa títí a fi mọ̀ ọ́n sórí. 1996, àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń jà, ilé iṣẹ́ oògùn òyìnbó kan wá yẹ oògùn wò lára 200 ọmọdé. 11 kú, àwọn mìíràn di adití, àwọn mìíràn rọ. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Bàbá kò purọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo rò pé ẹ̀mí yín ni mò ń dáàbò bò.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ẹ wo fóònù, ẹ wò mí. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá ẹyọ ẹran kan tó dín lábọ́ yín! Ẹ bá bi mí, ǹ bá jẹ́wọ́. Ó ń dùn mí sí yín, Bọ̀dá, mi ò lè pa á mọ́. Oṣù Èrèlé kò tíì parí tí a fi sin yín.

Mo ti wá mọ̀ pé ẹ lè lọ kí ẹ má rí oògùn náà lò. Nínú irú ìdánwò tí mo fẹ́ wọ̀ yìí, apá kan ń lo oògùn, apá kejì ń lo ohun tó jọ ọ́ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni. Dókítà gan-an kò mọ ẹni tó wà níbo. Bóyá òfìfo ni kèké ìbá mú fún yín. Mi ò ní mọ̀ ọ́n láéláé.

Àgbo Bàbá ńkọ́? Mo kà á pé ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba tó wà ní Ìdú, l'Ábùjá, fi ìyẹ̀rè, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà ṣe oògùn SS kan, NIPRISAN. Poroporo ọkà bàbà ṣáà nìyẹn, èyí tó máa ń sọ omi ìkòkò Bàbá di pupa bí ẹ̀jẹ̀! Ara àwọn bíi tiwa ni wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò: àwọn kan lo oògùn, àwọn kan lo òfìfo, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò lè jẹun.

Dókítà mi ló sọ nípa ìdánwò tèmi, mo sì wá a rí lórí ClinicalTrials.gov, ìkànnì tí wọ́n ń forúkọ ìdánwò oògùn sí. Mo béèrè ìwé àṣẹ NAFDAC àti ti ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn, wọ́n fi méjèèjì hàn mí. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá sú mi kí n máa lọ, ìtọ́jú mi kò ní tìtorí rẹ̀ dúró. Wọ́n ti kọ́kọ́ dá mi padà nítorí ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà; àfìgbà tí oṣù mẹ́ta kọjá.

Ọ̀rọ̀ oyún ló wá kù. Mi ò gbọdọ̀ lóyún títí ìdánwò náà yóò fi parí, ọdún kan gbáko. Ọdún kẹta mi rèé nílé ọkọ, ikùn mi ni ìyá ọkọ mi máa ń kọ́kọ́ wò kó tó dá mi lóhùn. Ọkọ mi ní kí n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú. Bí oògùn náà bá sì bá mi lára mu ńkọ́, ta ni yóò máa rà á fún mi lẹ́yìn ọdún kan?

Bàbá ò mọ̀. Wọ́n ṣì ń fi poroporo ránṣẹ́ sí mi láti Ọ̀fà.

Mo ti fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, ó ku ibì kan: nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè bí wọn ò bá rí mi. Nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà náà ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá, òun ni mo mọ̀ sórí jù. Mo ti kọ mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Àbúrò yín,
Àṣàkẹ́