Lẹ́tà sí ẹni tó ni alùpùpù mi kí n tó rà á

Ẹ̀gbọ́n,

Mo pè yín bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ ti gùn ún kí n tó gùn ún. N kò mọ orúkọ yín, n kò mọ ojú yín, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ yín. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń tú Honda CB350 ti ọdún 1972 yìí, kò sì síbi tí mo dé tí n kò bá yín níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. Orí gbogbo síkúrù ara kabúrétọ̀ ti jẹ. Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Ẹ rí àmì àgbélébùú lórí síkúrù, ẹ mú sukudíráfà Phillips, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó yọ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó tún yọ̀. Síkúrù àwọn ará Japan ìgbà náà jọ ti Phillips bí ìbejì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tiwọn ni, JIS ni wọ́n ń pè é. Ẹnu Phillips kì í jókòó sínú rẹ̀ dáadáa. Sukudíráfà JIS kan ṣoṣo ni ì bá gba àwa méjèèjì lọ́wọ́ ìyà.

Ìyẹn ṣì kéré. Ta ló ní kí ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ jẹ́ẹ̀tì?

Kabúrétọ̀ méjì ló ní, sílíńdà kan, kabúrétọ̀ kan. Bí epo bá pẹ́ nínú rẹ̀, á gbẹ, á le bí oje igi, á dí jẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yà kékeré oníhò tín-ín-rín tí ẹ́ńjìnnì fi ń mu epo nígbà tí a kò bá tíì fún un níná. Ńṣe là ń rẹ ẹ́ sínú oògùn ìfọ̀, ká fẹ́ atẹ́gùn sí i, ká gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò. Idẹ ni, kò le. Abẹ́rẹ́ yín fẹ ihò ti apá òsì lójú. Oṣù mẹ́rin ni pọ́lọ́ọ̀gì òsì fi ń dúdú bí ìdí ìkòkò, tí ti ọ̀tún sì mọ́ wẹ́rẹ́. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ kọ́ìlì. Alẹ́ ọjọ́ tí mo wá to jẹ́ẹ̀tì méjèèjì síwájú tọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan dà bí ìràwọ̀, èkejì dà bí òṣùpá. Mo ṣépè fún yín. Ẹ má bínú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ láti wo bátìrì, mo sì rí ohun tí ẹ fi pẹ́ńsù kọ sínú rẹ̀. Ìlà mẹ́tàdínlógójì, ọjọ́ àti kìlómítà: ọ́ìlì, ṣéènì, ọ́ìlì, kọ́ńtáàtì 0.35 (àlàfo ibi tí iná pọ́lọ́ọ̀gì ti ń já, ní mìlímítà). Láàárín ọ́ìlì méjì kan, ẹ kọ “òjò”, ẹ kò kọ nǹkan míì.

Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní fílítà ọ́ìlì oníbébà. Ife kékeré kan ló ń yí bírí lẹ́yìn ìdérí róbótó apá ọ̀tún, ìdọ̀tí ọ́ìlì á máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ ló ń gun irú rẹ̀ tí wọn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. (Àwọn tó ń nu kúróòmù láàárọ̀ lálẹ́, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.) Mo ṣí i, mo ti ń retí ẹrẹ̀. Ó mọ́. Nígbà tí mo dé orí ẹ́ńjìnnì, ojú káàmù, irin tó ń ṣí fáàfù, ń dán. Ẹni tó ki abẹ́rẹ́ bọ jẹ́ẹ̀tì náà ló ṣe èyí! Ó pẹ́ kí n tó gbà.

Mo ti fi jẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Mo ti ń kọ tèmi sábẹ́ tiyín, pẹ́ńsù ni èmi náà ń lò, ìlà mẹ́fà ti wà ńlẹ̀.

Ohun kan ni mi ò lè gbójú fò. Ìlà yín tó kẹ́yìn jẹ́ ọ́ìlì, kìlómítà tí mo sì bá lójú aago fi 60 péré ju ti ibẹ̀ lọ. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ẹ gùn ún díẹ̀, ẹ dúró. N kò ní bi yín ní ìdí rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n fi ń ti ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ béèrè. Kò bá a wá. Bó bá ṣì wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ kan lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù.

Èmi ni,
Ẹni tó ń gùn ún báyìí