X-ray kì í ṣe fọ́tò ìnáwó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin tó ń ya X-ray ni mí, ní ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Ìkòròdú níbí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá wa ti pàṣẹ pé kí a sọ gbogbo àwòrán tó wà nílẹ̀ di JPEG kékeré (irú fáìlì tí fọ́tò orí fóònù máa ń jẹ́), kí a sì pa ojúlówó wọn rẹ́, torí kọ̀ǹpútà ti kún. Mo mọ bí epo jẹnẹrétọ̀ ṣe ń gba èrè lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ èyí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀, níbi kankan.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé ọmọkùnrin káfíńtà kan wá láti apá Odògúnyàn. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gbálẹ̀. Erékùṣù Èkó ni dókítà tó ń ka àwòrán fún wa wà lọ́jọ́ náà. Ẹni tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà, ó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Dókítà ní òun kò rí ohun tó ṣẹ́. A fún ọmọ náà ní èsì rẹ̀, ó lọ sílé. Ọkàn mi kò balẹ̀, torí pé nígbà tí mo fọwọ́ kan kòtò tó wà ní ìdí àtàǹpàkò rẹ̀, ṣe ló figbe ta. Lálẹ́, mo fi ojúlówó fáìlì náà ránṣẹ́ lódindi. Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí dókítà fi pè: “Àǹtí, ẹ pe ọmọ yẹn padà o. Eegun yẹn ti sán.”

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibi eegun kékeré yẹn kò pọ̀. Bí wọn kò bá tètè fi POP, ìyẹn símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun, dì í, apá kan rẹ̀ lè kú síbẹ̀. Káfíńtà mà ni!

Kò burú kí a dín fáìlì kù. X-ray àyà kan ṣoṣo lè tó 10 MB. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan dà bí ìgbà tí èèyàn ká aṣọ òkè sínú àpótí: bó bá tú u, fọ́nrán òwú kan kò sọnù. Bí àmì dúdú 1,000 bá tò tẹ̀lé ara wọn nínú àwòrán, kọ̀ǹpútà kò ní kọ “dúdú” nígbà 1,000. Á kọ “dúdú, 1,000”. Irú èyí lè sọ fáìlì di ìdajì tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta. Èkejì, tí JPEG tí gbogbo wa mọ̀ ń lò, sísọ́ọ̀sì ló fi ń gé aṣọ. Á pín àwòrán sí onígun mẹ́rin kéékèèké, àmì 8 ní ìbú, 8 ní òòró, á wá da ìyàtọ̀ tín-ín-rín inú wọn nù, èyí tó gbà pé ojú kò ní wá. Fún fọ́tò ìyàwó àti ọkọ lórí ìjókòó, ó dára. Eegun tó sán ńkọ́? Ìyàtọ̀ tín-ín-rín náà gan-an ni. Ẹ tún wò ó: X-ray tiwa ní ìpele 4,096 láti dúdú dé funfun, JPEG orí fóònù ní 256 péré. Ohun tó bá ti bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí bí dókítà ṣe lè tan iná sí i tí yóò padà.

N kò sọ pé ọ̀nà kejì jẹ́ èèwọ̀. Bí dókítà tó ń ka àwòrán bá sọ ibi tí a lè gé e dé, ó ṣeé lò. Ìlànà DICOM, tí àwọn ẹ̀rọ wa ń tẹ̀lé, tilẹ̀ ní ààyè nínú fáìlì tó ń sọ pé wọ́n ti gé nǹkan nù níbẹ̀ rí, a kò sì gbọdọ̀ yí i padà. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, àwòrán ọmú tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ, níbi tí àmì funfun bíi hóró iyọ̀ ti lè jẹ́ ẹ̀rí, FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kò gbà kí wọ́n fi èyí tí wọ́n gé pa mọ́, kò sì gbà kí dókítà fi í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn.

Mo ṣírò tiwa. X-ray 40 lójúmọ́, tí a bá ká ìkọ̀ọ̀kan di 5 MB, 200 MB ni. Hard disk 1 TB, ìyẹn MB mílíọ̀nù kan, á gbà wá fún ọjọ́ 5,000. Kí a ra méjì, kí ọ̀kan wà níta ọgbà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ wa dé, ẹnikẹ́ni kò ká fáìlì kan ṣoṣo rí. Ìyẹn ló jẹ́ kó kún.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń ya X-ray fún, ẹ béèrè ojúlówó fáìlì yín sórí flash. Bó bá jẹ́ WhatsApp ni, ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá wa ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́. Àwòrán káfíńtà yẹn wà lára wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú POP; bí wọ́n bá tú u, èyí tí a kọ́kọ́ yà ni dókítà máa fi wé tuntun.

Èmi ni tiyín,
Ayàwòrán X-ray kan,
Ìkòròdú