Mo kán áyódìn sórí olú ọpọlọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mo sì ti fẹ̀yìn tì báyìí, n kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ìpolówó olú tí ẹ ń gbé jáde ní ọjọ́ Sátidé, èyí tí wọ́n ní ó ń tún ọpọlọ ṣe, tó sì ń jí iṣan tó ti kú, ló mú mi gbé bírò.

Ọkọ mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, iyè rẹ̀ sì ti ń ra díẹ̀díẹ̀. Kó gbé jígí lé iwájú orí kó tún máa wá a káàkiri ilé, ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bi mí pé kí ni orúkọ ọmọ wa kejì, ojú mi ò rí oorun mọ́jú. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa gbé ìgò kan wá bá mi: “Mọ́mì, ẹ ṣáà máa fún Dádì ní méjì méjì láràárọ̀, ẹ máa wá jẹ́rìí.” Lion's Mane, olú inú ìpolówó yín yẹn gan-an, ni wọ́n kọ sára ìgò náà, ọgọ́ta hóró, ₦38,000. Owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi rà á.

N kò ní parọ́ mọ́ olú yìí. Ó wà lóòótọ́. Ara igi ló ti ń hù nínú igbó ilẹ̀ òtútù, ó funfun, ó sì ń rọ̀ jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀ bí irùngbọ̀n arúgbó. Orí ọ̀bọ ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é, wọ́n sì ń fi se ọbẹ̀ bí àwa náà ṣe ń fi olú ọ̀gán se ẹ̀gúsí. (Nígbà tí ìyá mi wà láyé, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹran nílé wa.) Láti ọdún 1991 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kawagishi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jápáànù ti rí àwọn èròjà kan nínú rẹ̀ tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo pèsè ohun tí ń mú kí fọ́nrán iṣan ta. Ohun tí ń mú fọ́nrán iṣan ta yìí kì í ṣe ohun kékeré: òun ni Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ṣùgbọ́n inú àwo ni mo wí o. Ọ̀nà jìn láti inú àwo dé inú agbárí ọkọ mi.

Ìwádìí tí àwọn olùtajà fẹ́ràn jù láti tọ́ka sí ni èyí tí wọ́n ṣe ní Jápáànù, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009. Ènìyàn 30 péré ni wọ́n lò, láti ẹni 50 ọdún sí 80, tí iyè wọn ti ń ra díẹ̀. Gíráàmù mẹ́ta ni àwọn tó gba olú ń lò lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 16. Máàkì wọn nínú ìdánwò ọpọlọ gòkè ju ti àwọn tó gba hóró tí kò ní olú nínú lọ. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tí máàkì náà tún fi já wálẹ̀. Apá ìkẹyìn yìí ni n kò rí rí nínú ìpolówó kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Hóró kan nínú ìgò wa jẹ́ mílígíráàmù 500. Kó tó pé gíráàmù mẹ́ta, ó di mẹ́fà lójúmọ́, ìgò kan yóò tán ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ 16 yóò jẹ ìgò méjìlá, ₦456,000. Méjì lójúmọ́ tí wọ́n ní ká máa lò kò dé ìdajì rárá.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Mo gbé jígí ìkàwé wọ̀, mo ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn ìgò. Kì í ṣe olú gan-an ni wọ́n lọ̀, òwú funfun tó máa ń ta kí olú tó yọrí ni, orí ìrẹsì ni wọ́n sì ti gbìn ín. Wọn kì í lè yọ òwú náà kúrò lára ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbẹ tí wọ́n sì ń lọ̀ pọ̀. Mo ní kí n wò ó. Mo tú hóró kan sínú àwo funfun, mo tú òmíràn sínú omi gbígbóná, mo sì jẹ́ kó tutù, mo lọ olú gbígbẹ tí mo rà lọ́jà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo bu gààrí díẹ̀ sí ìkẹrin. Mo wá kán áyódìn tí a fi ń pa ojú egbò sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí áyódìn máa ń dúdú bó bá kan sítáàṣì, èròjà tó pọ̀ nínú gààrí àti ìrẹsì. Gààrí dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó ṣe máa ń rí ní kíláàsì. Olú ọjà kò yí padà, ó pọ́n bí áyódìn fúnra rẹ̀, nítorí olú kì í tọ́jú sítáàṣì sára. Ti inú hóró, méjèèjì dúdú bí aró. Èyí kò sọ pé kò sí olú níbẹ̀ rárá. Ó sọ pé ìrẹsì ń bẹ níbẹ̀, mo sì mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò ìrẹsì.

Ní àkókò yìí kan náà ni mo rí i pé bàbá ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì. Ó ní ọmọbìnrin ìjọ wa yẹn ní olú yìí ń fọ gbogbo iṣan, kí ló tún fẹ́ fi oògùn òyìnbó ṣe? Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 176 lórí 104 ló bá a. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ẹ jọ̀ọ́, Olóòtú, ẹ kò lè ní kí àwọn ènìyàn má polówó, mo mọ̀ pé owó ìpolówó ló ń tẹ ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ lè bi wọ́n kí ẹ tó gbà á: ṣé olú ni àbí òwú orí ìrẹsì? Mílígíráàmù mélòó? Ṣé ó ní nọ́ńbà NAFDAC? (Tiwa kò ní.) Ìgò náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ wínníwínní pé òun kì í ṣe ohun tí a fi ń wo àrùn kankan sàn. Ẹ bá wa fi gbólóhùn yẹn sínú ìpolówó náà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bíi ti “jí iṣan tó ti kú”.

Hóró ọgbọ̀n ló kù nínú ìgò wa. Bí ẹni tó ń polówó bá fẹ́ wá wo àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀, áyódìn mi ò tíì tán.

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.