Ẹ má gba owó káàdì lọ́wọ́ òkú mọ́

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín, ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjọ tiwa ní àwọn ò ní sin màmá arúgbó kan àfi bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá san gbogbo owó tó jẹ. Owó kí ni? Owó kíláàsì, ìyẹn owó tí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan ń san lóṣooṣù nínú ẹgbẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ olórí kan, tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sí káàdì; owó ìkórè; owó àtúnṣe òrùlé. Òkú wà ní ilé ìgbókùúsí, ẹbí ti pé, aṣọ ti dé ọ̀dọ̀ télọ̀, akápò ìjọ wá gbé lẹ́jà jáde, ó ń fi bírò tọ́ ọ láti ọdún 2016 wá. Ọdún yẹn gan-an ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá màmá dùbúlẹ̀. Mo rí káàdì rẹ̀: ṣáájú àìsàn náà, kò sóṣù tí òǹtẹ̀ kò sí, owó ẹ̀kọ tó ń tà ló sì fi ń san án. Ẹni tí kò lè dá dìde lọ ṣe tọ́, ẹ ní ó jẹ owó ìkórè!

Wọ́n san án o. Àbíkẹ́yìn wọn ló lọ yá a lọ́wọ́ àwọn olówó èlé orí fóònù. Ìgbà tí rìsíìtì jáde ni agogo tó dún. Oníwàásù wá gorí àga, ó ní òpó ìjọ ló lọ.

Àwọn ìjọ tuntun la máa ń bú, pé wọ́n ń gbé POS kiri láàárín ìsìn. Ó kéré tán, alààyè ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ìjọ àtijọ́, òkú là ń sin ní gbèsè.

Tí ẹ bá sọ̀rọ̀, Málákì orí 3, ẹsẹ 10 ni wọn yóò kà sí yín létí. Kí ló dé tí wọ́n ń fo ẹsẹ 5? Ibẹ̀ ni Olúwa ti ní òun yóò jẹ́rìí tako àwọn tó ń ni opó àti aláìníbaba lára. Pọ́ọ̀lù náà sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí oníkálùkù ṣe bó ti pinnu lọ́kàn, kì í ṣe ti àfipáṣe. Bí òkú bá ní láti san kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọrẹ wo ló kù níbẹ̀? Owó orí ni.

Àwọn tó ń bu owó yìí léni lórí kò mọ iye tí wọ́n ń ta gàrí. Nígbà tí òfin CAMA ti 2020, tó de ilé iṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ní ìjọba lè dá àwọn alábòójútó ìjọ dúró, wọ́n pariwo pé kí ìjọba má tọwọ́ bọ nǹkan ilé Ọlọ́run. Ó dáa. Àwa tá a dá owó ńkọ́, ṣé wọ́n jẹ́ ká rí ìṣirò rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà síbi tí owó kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1742, àwọn ọmọ ìjọ John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, jẹ gbèsè ilé ìjọsìn wọn. Ẹnì kan dábàá pé kí oníkálùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn tálákà ò ní í rí i dá. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tó tòṣì jù síkàáwọ́ òun: òun á máa yà sílé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní, òun á san tirẹ̀ mọ́ ti òun. Olórí kíláàsì nìyẹn! Kí tiwa náà máa yà wo àwọn àgbà àti aláìsàn tó wà lábẹ́ wọn. Èyí tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí olórí mú un wá sí ìpàdé, kí àwọn tó rí jẹ nínú wa pín in san lóṣù náà, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ sí káàdì rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Bí a bá lè ra aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún nítorí ìkórè, a lè ṣe èyí.

Kí wọ́n lẹ ìṣirò owó mọ́ pátákó ìkéde. Kí sínọ́ọ̀dù, ìpàdé gbogboogbò tó ń ṣòfin fún ìjọ, fòfin de bíbéèrè káàdì lọ́jọ́ ìsìnkú.

Kí ìjọ sì dá owó àwọn ọmọ màmá padà. Èlé ń gorí èyí tí àbíkẹ́yìn wọn yá.

Ọmọ ìjọ kan,
Ìjẹ̀bú-Òde