Owó omi Òwu ń gba orí onílẹ̀ kọjá

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọdún ti tún parí, àwọn tó lọ gbafẹ́ lábẹ́ omi Òwu, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní abúlé Ọ̀wá-Kájọlà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ti padà sí Ìlọrin. Kí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Ọ̀wá-Kájọlà? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike ẹlẹ́rìndòdò, àti àfọ́kù ìgò nínú omi tí àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n ti san owó ọkọ̀, Ìlọrin ni wọ́n ti se ìrẹsì inú kúlà. Owó ń gba orí onílẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wo ọ̀nà ibẹ̀ ná. Nígbàkúùgbà tí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ kí a mọ̀ pé wọ́n wà, wọ́n á gbé gilẹ́dà, ọkọ̀ tó ń ha ojú ọ̀nà, wá, á gbá ilẹ̀ pupa náà bí ẹni gbá àgbàlá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á máa lọ. Gbígbá yẹn gan-an ló ń ba ọ̀nà jẹ́! Bí wọ́n ṣe ń gbá a ni ojú ọ̀nà ń rẹlẹ̀ ju igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí àkọ́rọ̀ òjò bá dé, omi orí òkè kò ní ibòmíràn tí yóò gbà, ọ̀nà á di odò. Tó bá máa fi di oṣù keje, ojú táyà á ti jìn débi pé ìdí mọ́tò á máa ha ilẹ̀. Kí wọ́n da ilẹ̀ líle sí i, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí àárín rẹ̀ yọ gọngọ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí wọ́n la gọ́tà sí ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n sì ri páìpù sí gbogbo ibi tí omi ti ń dá ọ̀nà kọjá.

Àmọ́ ọ̀nà tó dára láìsí ètò, ìdọ̀tí púpọ̀ sí i ni yóò gbé wá. Abúlé ni kó ni ẹnu ọ̀nà. Kí gbogbo ọkọ̀ dúró níbẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ èèyàn sínú ìwé, kí ọmọ abúlé kan mú èèyàn mẹ́wàá lọ, kó má jù bẹ́ẹ̀. Omi yẹn ga tó nǹkan bí 100 mítà, àpáta abẹ́ rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ọmọ ibẹ̀ ló mọ èyí tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Òun náà ló mọ̀ pé bí òjò bá ṣú lórí òkè, kódà bí oòrùn bá ń ràn nísàlẹ̀, kí gbogbo èèyàn jáde nínú omi, torí pé àgbàrá kì í kan ilẹ̀kùn kó tó dé. Kí wọ́n ka ọ̀rá àti ike tí wọ́n gbé wọlé, kí wọ́n gba owó ìdógò lé e lórí. Ogún ló wọlé, ogún ni kó jáde, kí olówó gba owó rẹ̀. Ní ti owó ìwọlé, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sára pátákó ní èdè Yorùbá, kí wọ́n pín in sí mẹ́ta: ti amọ̀nà àti agbálẹ̀, ti àtúnṣe ọ̀nà ẹsẹ̀, àti ti àpò abúlé. Kí wọ́n ka ìṣirò náà sétí aráàlú lóṣooṣù.

Kí wọ́n fi ìlú Èsìẹ́, ní Kwara kan náà, kún ìrìn náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní 1,000. Àlejò tó bá sùn mọ́jú yóò jẹ iyán alẹ́, yóò jẹ àkàrà àárọ̀.

Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni kí wọ́n máa polówó: omi ṣì pọ̀, ilẹ̀ ti ń gbẹ. Ọ̀rọ̀ ààbò náà ńkọ́? Kí wọ́n fi àwọn ọdẹ ìlú sí i, kí wọ́n sì máa sanwó fún wọn.

Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ló ń ṣètò ibi tí wọn kò sùn mọ́jú rí, ìdí nìyẹn tí owó fi ń gba orí onílẹ̀ kọjá lọ́dọọdún. Bí gilẹ́dà yóò bá tún wá kí òjò tó dé, kó gbé páìpù dání. Bí kò bá gbé e, kó dúró síbi tó wà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òmù-Àrán.