BP mi, BP tìẹ, àti jẹnẹrétọ̀ lándìlọ́ọ̀dù

Ìyá Ìbejì, ṣé dáadáa lo wà, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Chicago yẹn ńkọ́? Má bínú pé mi ò gbé fóònù ẹ ní Sátidé, mo ti sùn lọ lórí àga pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti pọ̀ ju ti voice note lọ ni mo ṣe jókòó kọ ọ́, kà á nígbà tí àwọn arúgbó tó ò ń tọ́jú bá ti sùn.

Mo lọ ra oògùn ikọ́ fún ọmọ ní kẹ́míìsì ẹnu títì wa ni nọ́ọ̀sì kan ní kí n wá jókòó, àwọn ń yẹ BP wò lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ó so nǹkan yẹn mọ́ mi lápá, ó fún mi títí ọwọ́ mi fi ń ṣe yìnrìnyìnrìn, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi. 178/110, ó ga jù! Mo ní ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́. Kò bá mi jiyàn, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí n má fẹsẹ̀ kọ́ra, kí n má tẹ fóònù, kí n má sọ̀rọ̀ (èmi!), ó tún un wọ̀n, 172/108. Bẹ́ẹ̀ orí ò fọ́ mi o, òòyì ò kọ́ mi, mi ò mọ nǹkan kan lára.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ohun tí mi ò rò pé ó kan ẹ̀jẹ̀. Aago mélòó lo ń jí? Mo ní mẹ́rin, torí tí ilẹ̀ bá mọ́ bá mi n'Íkòròdú, hold-up Mile 12 á gbé mi mì. Kí lo ń jẹ láàárọ̀? Gálà àti mínírà, nínú danfo. Ṣé ò ń sùn? Mo rẹ́rìn-ín. I-better-pass, jẹnẹrétọ̀ kékeré lándìlọ́ọ̀dù, wà lábẹ́ fèrèsé mi gan-an, ó ń dún títí di aago kan òru, èéfín ẹ̀ ń gba inú nẹ́ẹ̀tì wọlé. Ó ní àìsùn yẹn, ariwo yẹn, èéfín yẹn, gbogbo wọn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Mo délé mo ka Magí tí mò ń jù sínú ìkòkò ọbẹ̀ kan, hóró mẹ́jọ, lẹ́yìn iyọ̀! WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní iyọ̀ tí àgbàlagbà máa jẹ lóòjọ́ ò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, bíi ṣíbí ìmutíì kan, Magí náà sì rèé, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sí Igbó-Ọrà, mo wọn màmá mi. 126/78! Obìnrin tó ti lé ní 70, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Ó ní ṣé èmi tí mo wà ní Èkó ni mo wá ń wọn òun.

Ìwọ náà gbọ́ èyí. Láwọn ọdún 1990, àwọn Yunifásítì Ìbàdàn (UI) àti àwọn yunifásítì Loyola ti Chicago yín níbẹ̀ wọn BP àwọn èèyàn ní Igbó-Ọrà wa àti Ìbàdàn, wọ́n wọn ti Jamaica àti Barbados, wọ́n dé Maywood tí kò jìnnà sí ẹ yẹn. Wọ́n gbé e jáde ní 1997: nínú àgbàlagbà 100, ẹni 16 lẹ̀jẹ̀ ń ru ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, 26 láwọn erékùṣù yẹn, 33 ní Maywood. Ọmọ baba kan náà ni gbogbo wa o. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà sílé ni ara ń wúwo sí i tí iyọ̀ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ẹ pé ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló rí bẹ́ẹ̀, bi í pé ti Igbó-Ọrà ńkọ́? Kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan lójú tèmi, ìwọ lo sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ẹ kiri ṣọ́ọ̀bù bí olè, àyà tó ń já bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ibo ló ń gbé e lọ?

Mi ò sọ pé abúlé ni ọ̀run o. Igi ni màmá mi fi ń dáná, ojú ẹ̀ ń ṣomi. Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ èéfín ìdáná yìí wò lára àwọn aboyún n'Ìbàdàn, wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ethanol, ìyẹn epo ọtí, àwọn yòókù ń bá igi àti kẹrosíìnì lọ, nígbà tí oyún gbó, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ BP (nọ́ńbà kejì) àwọn onísítóòfù ethanol kéré sí ti àwọn yòókù.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń sọ pé "má ronú mọ́." Ta ló máa bá mi san owó ilé? Dókítà kọ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún mi, mo lò ó ọ̀sẹ̀ méjì, ọrùn ẹsẹ̀ mi ń wú, owó ẹ̀ náà ti lọ sókè, mo bá dá a dúró torí ara mi yá, bí ẹni pé kò yá tẹ́lẹ̀. BP mi tún fò sókè. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ báyìí, mò ń lò ó, àná ó jẹ́ 138/86. Mò ń sọ̀ ní bọ́ọ̀sì stọ́ọ̀pù kan ṣáájú tiwa, mò ń fẹsẹ̀ rìn wọlé. Lándìlọ́ọ̀dù náà ti gbé jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ kúrò nígbà tí mo fi ìwé dókítà hàn án, abẹ́ fèrèsé Ìyá Ṣadé ló gbé e lọ, ìyẹn náà ti ń kùn.

Jọ̀ọ́, ra ẹ̀rọ náà, ti apá ni kó o rà, má ra ti ọrùn ọwọ́. Wọn ara ẹ nígbà tó o bá jí, má ṣe é bó o ṣe ń ti ibi iṣẹ́ òru dé pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, kó o fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Màmá ti sá ìlasà sílẹ̀ fún ẹ, ẹni tó ń bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà máa mú un wá. Má fi Magí mẹ́jọ sè é o.

Èmi ni,
Ìyá Bọ́lá